Sìǹtẹ́tíìkì àbí mínírà? Bí ẹ ṣe lè yan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù ni pé, "Ọ̀gá, ṣé sìǹtẹ́tíìkì ni kí n rà àbí mínírà?" Mínírà ni ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́ látinú epo rọ̀bì, sìǹtẹ́tíìkì ni èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà mọ tàbí tí wọ́n tún tò. Èmi náà á wá bi onítọ̀hún pé: ọdún wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ yín? Ṣé ó ní fíltà èéfín lábẹ́? Báwo ni òtútù ṣe máa ń mú tó níbi tó ń sùn? Ẹ máa ń rin kìlómítà mélòó kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í mọ ìdáhùn tó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti mọ àwọ̀ gálọ́ọ̀nù tó fẹ́ rà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. "Sìǹtẹ́tíìkì" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú gálọ́ọ̀nù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ wínníwínní sẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó ka iwájú

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, nǹkan méjì lẹ máa bá: ìwọ̀n kíki rẹ̀, bíi 15W-40, àti ìpele tó gbọ́dọ̀ dé. API, ìyẹn àjọ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, ló ń fún ọ̀pọ̀ ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C. CI-4 jáde ní 2002, CJ-4 ní 2006, CK-4 sì dé ní ìparí 2016. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù nìyẹn. Gálọ́ọ̀nù mìíràn máa ń gbé méjèèjì, kò burú, bí C tí ẹ ń wá bá ṣáà wà níbẹ̀.

CK-4 lè rọ́pò CJ-4 àti CI-4 nínú ọkọ̀ tó dàgbà díẹ̀. FA-4, tó jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì bó tilẹ̀ jẹ́ pé F ló fi bẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà lòun àti CK-4 jọ jáde, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó fúyẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun kan lè dín epo tí wọ́n ń jó kù. Bí ìwé ọkọ̀ yín kò bá dárúkọ FA-4, ẹ má dà á sí i, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín. Ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ rèé: nínú àmì roboto API tó wà lára gálọ́ọ̀nù, wọ́n máa ń kun apá kan lókè rẹ̀ bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ FA-4.

Ní Yúróòpù, àjọ ACEA ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, E ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń mọ ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá: E4, E7, E8, E11. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì tún ní nọ́ńbà tiwọn. Volvo ní VDS-4.5, Cummins ní CES 20086. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Nígbà tí CK-4 dé, Ford kò tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀, torí pé fọsifọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú òmíràn kéré lójú wọn, èròjà yẹn sì ni kì í jẹ́ kí irin lọ irin. Wọ́n bá gbé òfin tiwọn kalẹ̀, WSS-M2C171-F1. Ẹni tó bá ní Power Stroke, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti Ford, tó sì rí CK-4 lára gálọ́ọ̀nù kò tíì parí kíkà, ó kù kó wá nọ́ńbà Ford.

Gbogbo èyí ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé mínírà tó dé ìpele tí ìwé ọkọ̀ bèèrè sàn ju sìǹtẹ́tíìkì tí kò dé ibẹ̀ lọ. Ìgbà tí méjèèjì bá dé ibẹ̀ ni ìbéèrè yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún

Ohun tó pọ̀ jù nínú gálọ́ọ̀nù ni ọ́ìlì ìpìlẹ̀, ìyókù jẹ́ èròjà: èyí tó ń fọ ìdọ̀tí, èyí tó ń gbé èérí èéfín dání kó má rọ̀ sílẹ̀, èyí tó ń pa ásíìdì. API pín ọ́ìlì ìpìlẹ̀ sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ọ̀wọ́ kìíní àti ìkejì ni à ń pè ní mínírà, epo rọ̀bì tí wọ́n sẹ́ ni. Ọ̀wọ́ kẹrin ni PAO, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ohun gbogbo tó kù, ẹ́sítà wà lára wọn.

Ọ̀wọ́ kẹta ló dá awuyewuye sílẹ̀. Inú epo rọ̀bì ló ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ooru àti háídrójìn-ìn fọ́ ọ, wọ́n tún un tò débi tí ìwà rẹ̀ fi sún mọ́ ti ọ̀wọ́ kẹrin. Láti 1999 ni wọ́n ti gbà ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa pè é ní sìǹtẹ́tíìkì. Àwọn ará Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n le ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù méjì lè jọ jẹ́ sìǹtẹ́tíìkì kí inú wọn má sì rí bákan náà. Èyí tí wọ́n kọ "semi" tàbí "blend" sí lára, àdàlù ni, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín bóyá ẹ̀kán ni sìǹtẹ́tíìkì inú rẹ̀ àbí ìdajì.

Kí ló wá mú wọn yàtọ̀ nínú iṣẹ́? Ẹ fojú inú wo òkúta tí wọ́n kó láti etí odò, kékeré, ńlá, pẹlẹbẹ, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mínírà nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ máa ń fẹ́ bí ooru bá dé, èyí tó ní ìda nínú á sì dì bí òtútù bá dé. Sìǹtẹ́tíìkì dà bíi búlọ́ọ̀kù tó jáde látinú mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, wọ́n dọ́gba, wọ́n sì ń yọ̀ gba ara wọn kọjá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè ki lótùútù, tí kì í sì í tètè gbẹ bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo òtútù ibi tí ọkọ̀ ń sùn

Nínú 15W-40, iye tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe lótùútù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó ní 100°C. Ọ̀pọ̀ mínírà dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ 15W-40, ọ̀pọ̀ sìǹtẹ́tíìkì jẹ́ 5W-40. Ẹ kíyè sí i pé 40 ni méjèèjì parí sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní kíki. Àwọn tó ń sọ pé sìǹtẹ́tíìkì "fẹ́lẹ́ jù" fún ọkọ̀ akẹ́rù kò tíì wo nọ́ńbà kejì nìyẹn.

Àárọ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fún ọ́ìlì ní 15W, −20°C ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí. Ti 5W, −30°C ni. Mo ti gbé gálọ́ọ̀nù méjèèjì sóde mọ́jú rí lóru tí ilẹ̀ dì gbagidi. Nígbà tí mo dojú wọn kọ fọ́nẹ̀lì láàárọ̀, 5W-40 ń ṣàn, kò kàn yára ni. 15W-40 ń yọ́ jáde bí oje igi, ó ń fà, ó ń dúró, lẹ́yìn náà ló já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ronú pé nǹkan tó ń fà báyẹn ni pọ́ńpù ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbé dé orí ẹ́ńjìnnì kí bẹ́ríǹgì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí gbígbẹ. Bátìrì pàápàá máa ń kérora.

Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn níbi tí òtútù ti ń bọ́ sísàlẹ̀ −15°C, ẹ má wulẹ̀ ṣe ìṣirò púpọ̀, ẹ ra 5W-40. Bí òtútù kì í bá tíì dé òdo rárá, àǹfààní yìí kò kàn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tà á fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bi ẹ́ńjìnnì léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì tó sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá ló ń gbé e dúró. Bí awakọ̀ bá ti gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tó dúró, tó sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ́ìlì tó há síbẹ̀ á jó, á di èédú líle lára ọ̀pá tọ́bò. Sìǹtẹ́tíìkì máa ń fara da èyí ju mínírà lọ. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì fi ń sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró kẹ́ ẹ tó pa á ń ṣe ju èyíkéyìí nínú wọn lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọkọ̀ tó ń fa tírélà lórí òkè lójoojúmọ́, mo máa ń sọ fún ẹni tó ni ín pé kó ra sìǹtẹ́tíìkì. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí títì pẹrẹsẹ láìyára, mínírà tó o.

Fíltà èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF ló tẹ̀ lé e. Èérí èéfín tó bá kó sínú rẹ̀, ọkọ̀ máa ń dáná sun ún fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà inú ọ́ìlì tó bá jó di eérú, eérú sì ti jó tán, kò tún lè jó mọ́. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí títí wọ́n á fi tú fíltà náà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí CJ-4 fi fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin eérú tó lè wà nínú ọ́ìlì, tí CK-4 náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ wá rí i, sìǹtẹ́tíìkì olówó iyebíye tí eérú rẹ̀ pọ̀ lè dí DPF yín, kí mínírà CK-4 tó rọrùn má sì dí i.

Nígbà tí DPF bá sì ń sun èérí, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń tú dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sínú sílíńdà lẹ́yìn àkókò rẹ̀, díẹ̀ nínú ìyẹn á sì gba ẹ̀gbẹ́ píísìtìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ọkọ̀ tó ń rin ìrìn kúkúrú, tó ń dúró ṣáá, ni èyí máa ń bá jà jù. Bí ẹ bá fa géèjì tẹ́ ẹ sì rí i pé ọ́ìlì ń ga sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀, ẹ má dúpẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń wọ ibẹ̀, kò sì sí sìǹtẹ́tíìkì tó ń tú u kúrò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣì wà tí mo máa ń yà sọ́tọ̀: èyí tó ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an tẹ nọ́sù, ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà, kó tó tú epo. Caterpillar 3126 àti Power Stroke 7.3 pẹ̀lú 6.0 ti Ford wà lára wọn. Agbára tí ọ́ìlì wọn fi ń tẹ̀ ẹ́ máa ń dé nǹkan bíi 3,000 psi. Bó bá ki láàárọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa yọ èéfín funfun títí yóò fi gbóná. Mo ti rí i tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ nọ́sù mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ tí 5W-40 ì bá yanjú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò owó lórí kìlómítà, ẹ yé ṣírò rẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù

Ẹ́ńjìnnì lítà 6.7 ti Cummins inú píkọ́ọ̀pù ń gba ọ́ìlì bíi lítà 11. Ẹ́ńjìnnì lítà 15 tó ń fa tírélà ń gba bíi 40. Ọkàn èèyàn lè fò lóòótọ́ bó bá gbọ́ iye tí sìǹtẹ́tíìkì yóò jẹ́.

Ẹ ṣe é báyìí. Ká sọ pé owó ọ́ìlì mínírà jẹ́ ìpín 10, fíltà àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ìpín 4. Àpapọ̀ 14, ẹ sì ń pààrọ̀ ní gbogbo kìlómítà 15,000. Sìǹtẹ́tíìkì tó jẹ́ ìlọ́po méjì á di 20, ẹ fi 4 lé e, ó di 24. Kí owó méjèèjì tó lè dọ́gba lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, sìǹtẹ́tíìkì gbọ́dọ̀ bá yín rin nǹkan bíi 25,700. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 15,000 bíi ti tẹ́lẹ̀, òtútù tàbí tọ́bò nìkan ló lè dá owó yẹn láre. Ẹ fi iye tiyín sínú ìṣirò náà, ẹ sì fi owó ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò fi dúró kún iṣẹ́ ọwọ́. Fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́, ọjọ́ ìdúró yẹn ló sábà máa ń yí ìdáhùn padà.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ọ́ìlì yín lè rin 25,700? Gálọ́ọ̀nù kọ́. Bí dísẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ń rà bá ní imí-ọjọ́ púpọ̀, ásíìdì ló ń dà sínú ọ́ìlì, èròjà tó ń pa ásíìdì á sì tètè tán, ì báà jẹ́ mínírà, ì báà jẹ́ sìǹtẹ́tíìkì. Amẹ́ríkà ti sọ imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ di 15 nínú mílíọ̀nù láti 2006, Yúróòpù sọ ọ́ di 10 ní 2009. Epo tí tirẹ̀ jẹ́ 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi na ọjọ́ ọ́ìlì gùn.

Awakọ̀ kan, àgbà ni, gbé tírélà rẹ̀ wá lọ́dún kan. Ó ti gbọ́ pé sìǹtẹ́tíìkì lè rin ìlọ́po méjì, ó sì ti rìn ín. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ọ̀mpù. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kò ṣàn, ó rọ̀ bọ̀ǹgbọ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. Mo ní, "Bàbá, omi rẹ́díétọ̀ yín ń lọ sílẹ̀, àbí?" Wọ́n ní àwọn kàn ń bu sí i ni. Gáskẹ́ẹ̀tì ti jó láti ọjọ́ pípẹ́, omi ń wọnú ọ́ìlì. Ká ní wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò àtijọ́ ni, a ì bá ti rí i ṣáájú kí bẹ́ríǹgì tó lọ. Ọ́ìlì náà kò ṣẹ̀ wọ́n.

Torí náà, ẹ má na kìlómítà láìjẹ́ pé láàbù bá yín yẹ ọ́ìlì wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn lọ, kẹ́ ẹ wá gbe ti àárín sínú ìgò tó mọ́ tónítóní. Nínú èsì, sílíkọ́ọ̀nù tó pọ̀ túmọ̀ sí eruku, ẹ lọ wo fíltà afẹ́fẹ́. Sódíọ́ọ̀mù tàbí pọtásíọ́ọ̀mù, omi rẹ́díétọ̀ ni. Irin tó ń pọ̀ sí i lójijì, nǹkan ti ń jẹ nǹkan. TBN ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ọ́ìlì ṣì ní láti pa ásíìdì, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pààrọ̀ bó bá ti já sí ìdajì ti tuntun. Ẹ fi kìlómítà díẹ̀díẹ̀ kún un lẹ́yìn èsì rere kọ̀ọ̀kan, bíi 3,000 sí 5,000. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà lábẹ́ gàràntì, kìlómítà inú ìwé lẹ máa lò, ohun yòówù kí láàbù sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ bá ń yí kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì

Kò sí ètùtù kankan níbẹ̀. Ẹ fa ti àtijọ́ jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ẹ pààrọ̀ fíltà, ẹ da tuntun sí i. Wọ́n lè pò mọ́ra. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ìkejì ló sì wà nítòsí, ẹ dà á, bó bá ṣáà dé ìpele kan náà. Ẹ kàn ti sọ sìǹtẹ́tíìkì yín di àdàlù ni, kẹ́ ẹ má retí kìlómítà gígùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ pé sìǹtẹ́tíìkì máa ń mú ẹ́ńjìnnì àgbà jò ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, bá àwọn síìlì kan jà. Ti òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí síìlì bá ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tó sì jẹ́ ìdọ̀tí ló dí ojú ihò, ọ́ìlì tó ń fọ nǹkan dáadáa á ṣí i. Fún ẹ́ńjìnnì tó ti ń jò, tó sì ń jẹ ọ́ìlì láàárín sáfíìsì méjì, mínírà 15W-40 ni mo máa ń dá lábàá. Kí lẹ fẹ́ fi sìǹtẹ́tíìkì bọ́ ilẹ̀ fún? Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni, tí ẹni tó tún un ṣe sì ní kẹ́ ẹ fi mínírà rìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ríìǹgì lè jókòó, ẹ gbà fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dà á tán

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí fíltà kún, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fa géèjì. Ẹ má jẹ́ kó kọjá àmì òkè.

Ọ́ìlì yín á dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀, sìǹtẹ́tíìkì náà á dúdú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn, èérí èéfín ló ń gbé dání. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí nǹkan, kó kán ẹ̀kán kan látorí géèjì sórí bébà funfun tó ń mu omi, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí dúdú náà bá tàn káàkiri díẹ̀díẹ̀ títí dé etí, ọ́ìlì ṣì ń gbé èérí dání. Bó bá jókòó sójú kan láàárín bíi tàdáwà tó gbẹ, tí etí rẹ̀ sì gé gééré, agbára rẹ̀ ti ń tán. Kò tó láàbù, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ọ́ìlì kó sì máa mi orí lọ.

Ìgò kékeré tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dà pọ̀ mọ́ ọn kó "lágbára sí i," ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ. Àwọn tó ṣe ọ́ìlì ti wọn èròjà wọn kí wọ́n tó dí gálọ́ọ̀nù.

Ẹ wá gé téèpù funfun kan, ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà, orúkọ ọ́ìlì, ìpele rẹ̀ àti kìlómítà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ooru kò ti ní tú u. Ẹni tó bá máa bu ọ́ìlì sí i lóru, lójú ọ̀nà, lẹ ń kọ ọ́ fún.